Àpérò Tí Kò Ba Àyíká Jẹ́: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ṣe Ń Ṣe É

  

Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Ìbàdàn. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì làwọn, pé àwọn ti gba oyè àkọ́kọ́, àwọn sì ń kàwé lọ fún oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé. A kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yáwó ni wọ́n bá wá, tàbí pé wọ́n fẹ́ tọrọ owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo ni wọ́n fẹ́ háyà. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ wa ní àga, kánópì, àti àwo tánńganran tí a fi ń háyà fún àwọn tó bá ń ṣe ìnáwó.

Màmá tó ń tọ́jú ilé ẹrù wa bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ta ló ń gbéyàwó nínú yín?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, kì í ṣe ìyàwó o. Àpérò la fẹ́ ṣe ní yunifásítì. A ò fẹ́ ra abọ́ tékàwéè kankan." Màmá ní, "Háà! Ta ni yóò wá fọ àwo tó tó báyìí?" Ọmọ náà ní, "Àwa náà ni, mà. A ti pín iṣẹ́ ọ̀hún láàárín ara wa."

Ọ̀rọ̀ yìí jọ wá lójú. Ẹni tó bá wà ní ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún wa tó kọjá yóò rántí bí ìta gbọ̀ngàn ṣe rí nígbà tí a túká: ọ̀rá omi nílẹ̀, abọ́ funfun lójú gọ́tà, ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn nínú ìkòkò. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe ní kí n lọ wádìí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí n sì kọ ọ́ síhìn-ín fún gbogbo wa. Mo lọ, mo jókòó tì wọ́n, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àpérò. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí ni àpérò yìí gan-an?

Ẹni tó ń kàwé láti gba oyè ọ̀mọ̀wé kì í kàn jókòó ka ohun tí ẹlòmíràn kọ. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ìwádìí. Bí ó bá ti rí nǹkan, ó gbọ́dọ̀ dìde dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ó sọ ọ́, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò tinú-tẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni à ń pè ní àpérò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló sábà máa ń ṣètò irú rẹ̀: wọ́n á yan alága, akọ̀wé àti akápò gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe, wọ́n á kọ̀wé sí àwọn tó máa sọ̀rọ̀, wọ́n á wá gbọ̀ngàn, wọ́n á wá owó, wọ́n á wá oúnjẹ. Owó ọwọ́ wọn kì í sì í pọ̀. Nítorí náà, tí mo bá ní wọ́n ṣe é lọ́nà tí kò ba àyíká jẹ́, ẹ má rò pé eré olówó ni.

Ìbàjẹ́ méjì: ọ̀kan ń lọ sókè, ọ̀kan ń lọ sísàlẹ̀

Wọ́n là á yé mi pé ọ̀nà méjì ni ìpàdé kan lè gbà ba àyíká jẹ́.

Èkíní ń lọ sókè. Èéfín ni: èéfín mọ́tò, ti bàálù, ti jẹnẹrétọ̀. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín yìí tí ojú kò lè rí, kábọ́nì dáyọ́sáìdì ni wọ́n ń pè é. Bí ó ti ń pọ̀ sí i lójú òfúrufú, ńṣe ló ń bo ayé bí ẹni da kúbùsù bo ara lọ́sàn-án gangan. Ooru á há sínú. Òun ló ń mú kí ayé máa gbóná sí i lọ́dọọdún, tí òjò líle sì ń wọ́pọ̀.

Èkejì ń lọ sísàlẹ̀. Ọ̀rá ni, ike ni, àti abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a fi ń di oúnjẹ. Ìwọ̀nyí kì í jẹrà bí ewé. Afẹ́fẹ́ á gbé wọn, àgbàrá á wọ́ wọn, wọ́n á lọ di ojú gọ́tà. Ará Ìbàdàn kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ibi tí èyí ń já sí. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ nílùú yìí kan náà, àwọn tó kú ju 100 lọ. Òjò ló rọ̀, òótọ́ ni. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ọ̀nà omi ní ipa tirẹ̀. Ẹni tó ju ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé kò mọ ilé ẹni tí òun ń dí omi sí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde ní oṣù Kínní ọdún 2024 pé àwọn fòfin de abọ́ funfun yìí. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n fi ṣíbí ike, ife ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un. Ṣé ìgbà tí òfin bá kan ilẹ̀kùn wa la tó máa ronú ni?

Gbólóhùn kan wà tí alága àwọn ọmọ náà ń tún sọ ṣáá, mo sì rò pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó ní, "Bàbá, ìdọ̀tí tí a kò bá rà wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní gbá a síta." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé la ń tún àyíká ṣe. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa rà, ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ ti tán. Tí a bá ti ra ọ̀rá omi 450 wọlé, kò sí iye ìgbálẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di ohun tí a kò rà.

Ìrìn-àjò ló wúwo jù

Mo rò pé ọ̀rá ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá mi sọ. Rárá o. Wọ́n ní bí a bá kó gbogbo ohun tí ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ sórí òṣùwọ̀n, ìrìn-àjò àwọn tó ń bọ̀ ló wúwo jù, pàápàá bàálù.

Wọ́n fún mi ní àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òfúrufú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní AGU, ṣe ìpàdé ńlá wọn ní San Francisco. Bí ẹgbẹ̀rún 28 ènìyàn ló wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan ṣírò ìrìn-àjò wọn ní àlọ àti àbọ̀, ó jẹ́ mílíọ̀nù 285 kìlómítà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti oòrùn! Èéfín tó bá a rìn tó bí ẹgbẹ̀rún 80 tọ́ọ̀nù, ìyẹn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé bí ayé ṣe ń gbóná ni wọ́n ń wádìí. Ẹ ò rí nǹkan?

Kí wá ni ṣíṣe? Ní ọdún 2016, yunifásítì California ní Santa Barbara ṣe àpérò kan tí ẹnikẹ́ni kò wọ bàálù wá síbẹ̀. Olúkúlùkù gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn èèyàn ń wò ó ní àkókò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n ń kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ sì ń dáhùn.

Àwọn ọmọ tiwa kò tẹ̀ lé e délẹ̀, wọ́n sì ní ìdí. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde gbọ́dọ̀ rí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá sí lójú agbo, ta ni yóò rántí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá yọ? Nítorí náà wọ́n pín in. Àwọn tó wà ní òkè òkun sọ̀rọ̀ láti ibi tí wọ́n wà. Kí iná tàbí nẹ́tíwọ̀kì má bàa já wọn kulẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìbéèrè nìkan ni wọ́n fi sí ojúkojú lórí fóònù. Ó sì dára tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì lójú mi.

Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé reluwé tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 2021, Mọ́níyà ló sì ń já sí. Wọ́n kọ àkókò tí reluwé ń gbéra sínú ìwé ìpè, wọ́n sì háyà bọ́ọ̀sì kan tó lọ dúró dè wọ́n ní Mọ́níyà. Ohun tí ì bá jẹ́ ogún mọ́tò di bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Àwọn tó wà láàárín ìlú ńkọ́? Wọ́n kọ àdúgbò olúkúlùkù sílẹ̀, àwọn tó wà ní ọ̀nà kan náà sì wọ mọ́tò kan náà.

Iná àti jẹnẹrétọ̀

Lítà dísù kan, tí a bá sun ún tán, ń tú bíi kílò 2.7 kábọ́nì dáyọ́sáìdì síta. Mo ní, "Ẹ dúró ná, lítà dísù fúnra rẹ̀ kò tó kílò kan. Báwo ni èéfín rẹ̀ ṣe wá wúwo jù ú lọ?" Wọ́n ní kábọ́nì inú epo náà ń so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń jó, ọ́síjìn yẹn ló kún ìwúwo rẹ̀. Ó yé mi wàyí.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ká ní jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn kan ń mu lítà 6 ní wákàtí kan, tí ìpàdé sì gba wákàtí 8. Lítà 48 nìyẹn, èéfín rẹ̀ yóò sì tó kílò 130. Ẹ wá fi èyí wé tọ́ọ̀nù mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn-àjò ẹnì kan ṣoṣo lọ sí ìpàdé San Francisco yẹn ju jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ 20 lọ. Ìdí tí wọ́n fi fi ìrìn-àjò ṣáájú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ra dísù lóde òní mọ̀ pé lítà 48 kì í ṣe owó kékeré.

Wọn kò gba gbọ̀ngàn ńlá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, tí kò ṣeé jókòó sí láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Èyí tó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, tí igi sì ṣíji bò, ni wọ́n gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n parí ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ojúmọmọ gbogbo. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ni wọ́n fún níná, bátìrì tí wọ́n fi oòrùn gbà iná sí ló sì gbé méjèèjì. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ bí ó bá di dandan. Wọn kò tàn án.

Oúnjẹ: ẹ ka ènìyàn kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná

Nílẹ̀ Yorùbá, ojú ń ti ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó. A óò pe 100, a óò se fún 200, 120 á sì wá. Ohun tó bá ṣẹ́kù á lọ sí ààtàn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kí olúkúlùkù fèsì lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tó pé: ṣé o ń bọ̀, ìrẹsì ni tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín? Wọ́n wá fi ẹnì kan lé orí mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí àlejò tí kò fèsì kò lè ṣàìsí. Wọ́n sì wo kàlẹ́ńdà dáadáa kí ọjọ́ náà má bọ́ sínú ààwẹ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán má bàa ṣòfò.

Ewé eéran ni wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì ọ̀fadà, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí ọ̀rá tó dé. Tí wọ́n bá jẹun tán, ewé náà lọ sínú kòtò kan pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìyókù oúnjẹ, ó sì di ilẹ̀dú fún oko yunifásítì. Gbogbo àwo tó kù, tiwa ni. Wọ́n tún sọ fún mi pé ẹran màlúù ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ju ẹ̀wà lọ fíìfíì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu màlúù jáde bó bá ń jẹ àpọ̀jẹ náà ń mú ayé gbóná. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, wọn kò fòfin de ẹran. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe olórí oúnjẹ, ẹran wá di àfikún.

Ọ̀rọ̀ fífọ àwo kò gbọdọ̀ di eré. Àrùn onígbáméjì kì í ṣe ohun à ń fi ṣàdánwò. Agbada mẹ́ta ni wọ́n tò lẹ́yìn gbọ̀ngàn: èkíní omi ọṣẹ, èkejì omi tó mọ́, ẹ̀kẹta omi gbígbóná. Wọn kò fi aṣọ nu àwo. Wọ́n dà á dojú dé lórí pẹpẹ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Àwọn mẹ́fà-mẹ́fà ló ń fọ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdánù gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Mo rí alága wọn fúnra rẹ̀ níbi agbada ọṣẹ, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, wọn kò jẹ́ kí ó tutù. Wọ́n ti bá àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń gbálẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú; wọ́n bù ú fún wọn ní gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí àlejò, kì í ṣe bí ìyókù.

Omi mímu

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Ká ní ènìyàn 150 ló wá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta. Ọ̀rá 450 nìyẹn. Ẹ fi abọ́ tékàwéè 150, ṣíbí ike 150 àti ife ike 150 kún un, ó di ohun 900 tí a ó lò lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì jù nù, láàárín wákàtí mẹ́fà péré.

Omi inú ọ̀rá 450, ní ìdajì lítà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ lítà 225. Kẹ́ẹ̀gì ńlá olómi mímu, èyí tó ń gba bíi lítà 19, tí a ń dá padà fún ẹni tó tà á, 12 ni yóò gbé e. Kẹ́ẹ̀gì 12 náà á padà sílé, wọn á tún rọ omi sí i lọ́la. Ìwé ìpè ti sọ fún olúkúlùkù pé kó mú ife tàbí ìgò tirẹ̀ dání. Ẹni tó gbàgbé gba ife tánńganran lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dá a padà kó tó lọ.

Ìwé, bánà àti ẹ̀bùn

Àpérò kì í ṣàìní ìwé tí a kó kókó ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ sí. Bí ìwé náà bá jẹ́ ojú-ìwé 40, tí a sì tẹ̀ ẹ́ fún 150 ènìyàn, ojú-ìwé 6,000 ni. Ká tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tẹ̀yìn-tiwájú, rímù mẹ́fà gbáko ló máa jẹ. Ọ̀pọ̀ á sì wà lábẹ́ àga nígbà tí wọ́n bá túká. Orí fóònù ni àwọn fi ti wọn ránṣẹ́, wọ́n sì mú kó fúyẹ́ kí ó má bàa jẹ dátà àwọn èèyàn. Wọ́n tẹ 10 péré fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò gba fóònù. Ìwé ẹ̀rí náà, orí fóònù ni.

Bánà ńkọ́? Ike ni bánà tí à ń tẹ̀ láyé òní. Nítorí pé a kọ ọjọ́ àti ọdún sí i, ọjọ́ kan ló ń lò, a ó fi bo igi ìdáná lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn àti "Ẹ káàbọ̀ sí àpérò wa" nìkan, kò sí ọdún, kò sí kókó ọ̀rọ̀. Bánà náà yóò tún wúlò lọ́dún tó ń bọ̀. Káàdì tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn, wọ́n gbà á padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ife ike tàbí àpò tí a kọ orúkọ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ìṣíde gba iṣu méjì àti àtẹ ọsàn. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn sí i ju ìgò ike lọ.

Ohun tí kò lọ déédéé

N kò ní purọ́ fún yín. Gbogbo nǹkan kò lọ bí wọ́n ti rò ó. Oúnjẹ ọ̀sán pẹ́ nítorí àwo tí wọ́n fi jẹ oúnjẹ àárọ̀ kò tíì gbẹ. Àwọn àlejò kan ṣì gbé omi ọ̀rá wá láti ìta. Àwọn èèyàn da ìdọ̀tí pọ̀ mọ́ra nínú apẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fi ẹnì kan dúró tì í láti máa tọ́ wọn sọ́nà: ewé síhìn-ín, ìwé sọ́hùn-ún, ike sí ẹ̀yìn. Àwo mẹ́rin ló sọnù nínú tiwa, wọ́n sì san owó rẹ̀ láìjiyàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, gọ́tà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn mọ́ bí wọ́n ṣe bá a. Àpò ìdọ̀tí tí ó jáde kò tó méjì. Akápò wọn sì fi ìwé ìṣirò hàn mí: owó àwo háyà, owó ọṣẹ àti owó kẹ́ẹ̀gì omi lápapọ̀ kò tó ohun tí wọ́n ì bá fi ra abọ́, ṣíbí, ife àti omi ọ̀rá. Owó tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi san owó bọ́ọ̀sì Mọ́níyà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta omi inú ọ̀rá dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ yìí ni mo fi ra fírísà. Èmi náà ni ẹgbẹ́ yìí kan náà fẹ́ wá gba oúnjẹ lẹ́nu mi?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń fọwọ́ rọ́ tì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá tún àyíká ṣe tó sì ba ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́, kí ló ṣe? Ìdáhùn mi sí i nìyí: owó tí a kò fi ra ọ̀rá kò wọlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn san owó fún kẹ́ẹ̀gì omi 12, fún ìyá eléwé, fún ìyá ẹlẹ́kọ àti oní-mọ́ínmọ́ín, fún àwo wa. Owó náà pààrọ̀ ọwọ́ ni. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bí yóò ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Mo dábàá fún ìgbìmọ̀ pé kí àwọn ìyá wa tó ń ta omi àti abọ́ ni kí á kọ́kọ́ fún ní ẹ̀yáwó kẹ́ẹ̀gì ńlá àti àwo, kí àwọn fúnra wọn máa háyà rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìpàdé. Òfin tó ti dé Èkó lè dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ti ní kẹ́ẹ̀gì nílé kí òfin ó tó dé kò ní bá wọn sá. Màmá náà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ iye èlé rẹ̀ kí òun tó pàtẹ́wọ́. Ó jàre. Ìgbìmọ̀ yóò mú ìdáhùn wá sí ìpàdé.

Ìpàdé àpapọ̀ tiwa

Àwa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, a kì í sì í wọ bàálù wá sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń rà lọ́dọọdún fún ìpàdé àpapọ̀, owó gbogbo wa ni: owó ìpín yín àti owó tí ẹ fi ń pamọ́ lóṣooṣù. Owó tí a fi ra abọ́ tí yóò di ojú gọ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì la ń san án: lọ́jọ́ tí a rà á, àti lọ́jọ́ tí omi bá wọlé.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé ní ìpàdé àpapọ̀ tó ń bọ̀, àwo ẹgbẹ́ la ó lò. Akọ̀wé àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ àwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tó pé, kí àwọn alásè lè mọ iye tí wọ́n máa sè. Àwọn tó máa fọ àwo, a ó pín wọn láti àdúgbò sí àdúgbò, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ má jẹ́ ká gbọ́ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Àwọn ọmọ yunifásítì yẹn ti ṣèlérí pé àwọn yóò wá bá wa to agbada mẹ́ta.

Ohun kan ṣoṣo la ń tọrọ lọ́wọ́ olúkúlùkù: ẹ mú ife yín dání. Ẹni tó bá gbàgbé, Màmá ilé ẹrù yóò yá a ní ọ̀kan, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì mọ Màmá dáadáa, wọn kì í gbàgbé gbèsè.

A ó ríra o.